Bí A Ṣe Ń Tọpa Ìbátan Àwọn Atọ́ka Nínú Kóòdù Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kernel Linux

Nínú kóòdù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kernel Linux (ọkàn ètò Linux, tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ), atọ́ka (pointer, èyí tó ń di àdírẹ́sì ìrántí mú) kì í dá dúró. Atọ́ka sí hẹ́dà IP (báìtì iwájú tó ń sọ ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti wá àti ibi tó ń lọ) ṣeé gbára lé nítorí pé ó bọ́ sáàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àgbègbè ìrántí kan. Àgbègbè ìrántí náà wà nítorí pé pákẹ́ẹ̀tì kan (ìdì báìtì tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá) ṣì dì í mú. Pákẹ́ẹ̀tì náà sì wà lọ́wọ́ wa nítorí pé a kò tíì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wọ̀nyí bá já, nọ́ńbà tó wà nínú atọ́ka náà yóò wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ohun tó ń tọ́ka sí ti di ohun mìíràn. Iṣẹ́ ẹni tó ń ka irú kóòdù yìí ni láti mọ ohun tó mú kí atọ́ka kọ̀ọ̀kan jẹ́ òótọ́, kí ó sì mọ ìlà tí òótọ́ náà parí sí.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ti mọ èdè C dáadáa, tó sì fẹ́ ṣàyẹ̀wò tàbí ṣàtúnṣe kóòdù tó wà nínú net/ tàbí drivers/net/ (ibi tí àwọn driver, ètò tó ń darí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wà). Ẹ mú ìwé àti gègé sí tòsí, nítorí pé a óò máa kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì ṣòro gidigidi láti fi orí lásán gbé gbogbo ìbátan wọ̀nyí nínú fọ́ńkíṣọ̀n tó gùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ya àgbègbè ìrántí náà sórí ìwé

Pákẹ́ẹ̀tì kan nínú kernel pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni struct sk_buff (skb ní kúkúrú) fúnra rẹ̀, tí a kọ sínú include/linux/skbuff.h, tí ó kàn ń ṣàkóso, tí kò sì gbé báìtì kankan lára pákẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni àgbègbè ìrántí tí àwọn báìtì gan-an wà. Ààlà mẹ́rin ni sk_buff fi sí àgbègbè yìí: head ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, end ni òpin rẹ̀, data ni ibi tí ohun tí a ń lò lọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, tail sì ni ibi tí ohun náà parí sí. Ìbátan tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ láéláé ni pé head kò ju data lọ, data kò ju tail lọ, tail kò sì ju end lọ. Ẹ kọ ọ́ sí òkè ìwé yín báyìí:

    head <= data <= tail <= end

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwòrán máa ń fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì. Ibi tí end tọ́ka sí gan-an ni struct skb_shared_info ti bẹ̀rẹ̀, nínú ìrántí kan náà tí a gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kóòdù tó bá kọ báìtì kọjá end kò ní kọ ọ́ sí àyè òfìfo, àkọsílẹ̀ àwọn ègé pákẹ́ẹ̀tì àti òǹkà ìpínlò (iye àwọn tó ń pín ìrántí náà lò) ni yóò bà jẹ́, àbájáde rẹ̀ sì lè má hàn títí pákẹ́ẹ̀tì náà yóò fi dé ibi tó jìnnà sí ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi nọ́ńbà rìn ín

Ẹ má ṣe gbà pé ẹ ti mọ ohun tí skb_reserve, skb_put, skb_push àti skb_pull ń ṣe títí tí ẹ fi fi nọ́ńbà rìn wọ́n. Ká sọ pé alloc_skb fún wa ní àgbègbè kan tí head wà ní ipò 0, tí end sì wà ní 256. Ní ìbẹ̀rẹ̀, data àti tail náà wà ní 0, len, èyíinì ni iye báìtì pákẹ́ẹ̀tì, sì jẹ́ 0.

Bí a bá pe skb_reserve pẹ̀lú 64, data àti tail yóò jọ sún dé 64, len kò sì ní yí padà. Nígbà tí àgbègbè ìrántí ṣì ṣófo nìkan ni ó yẹ kí a lò ó. Lẹ́yìn èyí, skb_put pẹ̀lú 100 yóò gbé tail dé 164, len yóò sì di 100. Ní báyìí a fẹ́ fi hẹ́dà ìlànà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta (UDP, IPv4 àti Ethernet) síwájú: skb_push pẹ̀lú 8 fún UDP mú data padà sẹ́yìn sí 56, len di 108, skb_push pẹ̀lú 20 fún IPv4 mú un dé 36, len di 128, skb_push pẹ̀lú 14 fún Ethernet mú un dé 22, len sì di 142. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tail yọ data jẹ́ 164 yọ 22, èyí tó jẹ́ 142, ó sì bá len mu. Àyè tó kù níwájú jẹ́ 22, àyè tó kù lẹ́yìn jẹ́ 92. Bí fọ́ńkíṣọ̀n mìíràn bá tún fẹ́ fi hẹ́dà IPv6 tó jẹ́ báìtì 40 síwájú pákẹ́ẹ̀tì yìí láìkọ́kọ́ béèrè àyè, data yóò kọjá head sẹ́yìn, skb_push yóò sì pe skb_under_panic, kernel yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ẹ fiyè sí ẹni tó ń ṣọ́ ààlà àti ẹni tí kò ṣọ́ ọ. skb_put àti skb_push ń yẹ ààlà wò, wọ́n sì ń pariwo bí ó bá yẹ̀. skb_pull máa ń dá NULL padà bí a bá ní kó fò ju len lọ, nítorí náà ẹni tí kò bá wo èsì rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ mú ààbò náà kúrò. skb_reserve kì í yẹ ààlà wò, bẹ́ẹ̀ náà ni __skb_put tó ní ìlà méjì níwájú orúkọ. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí àwọn tí kì í yẹ̀ ẹ́ wò yìí, ẹ wá ìlà tó wà lókè wọn tó fi hàn pé àyè tó. Bí ẹ kò bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ohun tí ẹ óò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ kóòdù náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya ìjìnnà sọ́tọ̀ kúrò lára atọ́ka

Lórí kọ̀ǹpútà bíìtì 64, head àti data jẹ́ atọ́ka ní tòótọ́, ṣùgbọ́n tail àti end jẹ́ nọ́ńbà tó ń sọ iye báìtì tó wà láti head dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lo skb_tail_pointer àti skb_end_pointer dípò kí a fi skb->tail wé skb->data tààrà. Bákan náà ni mac_header, network_header àti transport_header, tó ń sọ ibi tí hẹ́dà Ethernet, ti IP àti ti UDP tàbí TCP ti bẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà bíìtì 16 ni wọ́n, tí a ń kà láti head, ip_hdr sì ń ṣírò atọ́ka tuntun láti inú wọn nígbàkígbà tí a bá pè é.

Ìyàtọ̀ yìí ló gbé gbogbo ìyókù ró. Bí kernel bá kó àwọn báìtì pákẹ́ẹ̀tì lọ sí ìrántí mìíràn, head yóò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ìjìnnà yóò ṣì bá ipò wọn mu, nítorí pé kernel ló ń tọ́jú wọn. Atọ́ka tí ẹ ti kó sínú oníyípadà bíi iph (hẹ́dà IP) tàbí uh (hẹ́dà UDP) tẹ́lẹ̀ kò ní ẹni tí yóò bá yín tún un ṣe. Lórí ìwé yín, ẹ kọ orúkọ gbogbo oníyípadà inú fọ́ńkíṣọ̀n tó di atọ́ka sínú pákẹ́ẹ̀tì mú, kí ẹ sì fi sí apá kan. Ẹ kọ àwọn tó jẹ́ nọ́ńbà lásán sí apá kejì. Apá kìíní nìkan ni a óò máa ṣọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá ìlà tó ń mú ìrántí ṣí kúrò

Ìgbésẹ̀ yìí ló gba sùúrù jù, òun náà ló sì ń so èso jù. Kì í ṣe gbogbo báìtì pákẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín data àti tail. Àwọn kan lè wà nínú ojú ewé ìrántí ọ̀tọ̀, tí skb_shared_info ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. len ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, data_len ka àwọn tó wà lóde nìkan, skb_headlen sì ni len yọ data_len, èyíinì ni iye báìtì tí a lè fi skb->data kà tààrà. Ẹni tó bá fi len dípò skb_headlen láti mọ̀ bóyá òun lè ka hẹ́dà kan ti kà kọjá ààlà láìmọ̀.

pskb_may_pull ló ń yanjú èyí. Bí iye báìtì tí a béèrè bá ti wà ní apá tààrà, ó kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ń kó wọn wọlé láti inú àwọn ègé tó wà lóde. Bí àyè ẹ̀yìn kò bá sì tó, tàbí bí pákẹ́ẹ̀tì náà bá ní ẹ̀dà (sk_buff mìíràn tó ń pín báìtì kan náà lò), yóò gba ìrántí tuntun, yóò da apá tààrà kọ síbẹ̀, yóò sì pààrọ̀ head. Ẹ wo kóòdù yìí dáadáa, kí ẹ gbà pé data wà ní ìbẹ̀rẹ̀ hẹ́dà IPv4, àti pé network_header tọ́ka síbẹ̀ bákan náà:

    if (!pskb_may_pull(skb, sizeof(*iph)))
            goto drop;
    iph = ip_hdr(skb);
    if (iph->ihl < 5)
            goto drop;
    hlen = iph->ihl * 4;
    if (!pskb_may_pull(skb, hlen + sizeof(*uh)))
            goto drop;
    uh = (struct udphdr *)(skb->data + hlen);
    if (iph->protocol != IPPROTO_UDP)
            goto drop;

Ẹ fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn pskb_may_pull àkọ́kọ́, báìtì 20 dájú pé ó wà, nítorí náà iph jẹ́ òótọ́, kíka ihl (gígùn hẹ́dà IP, tí a ń fi báìtì mẹ́rin-mẹ́rin kà) sì bófin mu. hlen jẹ́ nọ́ńbà, ó wà láàárín 20 sí 60, kò sì sí ohun tó lè sọ ọ́ di asán. Nígbà tí a dé pskb_may_pull kejì, gbogbo atọ́ka tí a ti mú ṣáájú rẹ̀ ti kú lórí ìwé wa, yálà ìrántí ṣí ní tòótọ́ tàbí kò ṣí. uh wà láàyè nítorí pé a mú un lẹ́yìn ìlà yẹn. iph ni a kò mú tuntun, bẹ́ẹ̀ ìlà tó ń wo protocol ń lò ó. Ọ̀nà àtúnṣe ni kí a tún kọ iph = ip_hdr(skb) ní kété lẹ́yìn pskb_may_pull kejì, tàbí kí a gbé àyẹ̀wò protocol wá sókè kó tó di pé a pè é.

Ìdí tí irú àṣìṣe yìí fi ń pẹ́ kí a tó rí i ni pé nínú ọ̀pọ̀ pákẹ́ẹ̀tì, hẹ́dà ti wà ní apá tààrà láti ọ̀dọ̀ driver, ìpè kejì kì í sì í ṣí ohunkóhun. Ẹ máa fa ìlà pupa sórí ìwé yín níbi gbogbo tí ìrántí lè ṣí, kí ẹ sì pa gbogbo atọ́ka tó wà lókè rẹ̀ rẹ́. Lára àwọn tó ń béèrè ìlà pupa ni pskb_may_pull, pskb_expand_head, skb_cow, skb_cow_head, skb_ensure_writable, skb_linearize àti pskb_trim. Fọ́ńkíṣọ̀n tó bá pe èyíkéyìí nínú wọn, bó ti wù kó jìnnà tó nísàlẹ̀, gba ìlà pupa pẹ̀lú, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ṣí fọ́ńkíṣọ̀n tí a pè, kí ẹ kà á, kí ẹ má gbára lé orúkọ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ka hẹ́dà láìkọ nǹkan sí i, skb_header_pointer sàn jù lójú tèmi. Ẹ óò fún un ní àyè kékeré kan lórí stack. Bí báìtì náà bá wà ní apá tààrà, yóò dá atọ́ka síbẹ̀ padà, bí kò bá sì sí, yóò da á kọ sínú àyè tí ẹ fún un. Kì í mú ìrántí ṣí, nítorí náà kò pa atọ́ka kankan. Àmọ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ̀wé gba inú èsì rẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ ẹ̀dà ni ẹ ń kọ sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ béèrè ẹni mìíràn tó ń wo báìtì kan náà

Òǹkà méjì ló wà, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. users wà nínú sk_buff, ó ń sọ iye ibi tí a ti di sk_buff yẹn gan-an mú; skb_get ló ń fi kún un. dataref wà nínú skb_shared_info, ó ń sọ iye sk_buff tó ń pín àgbègbè ìrántí kan lò. Fọ́ńkíṣọ̀n skb_clone ló ń fi kún un. Bí users bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kò gbọ́dọ̀ sún data tàbí tail, nítorí pé ẹlòmíràn ń lo ààlà kan náà; skb_share_check ló máa ń fún yín ní tiyín. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá ní ẹ̀dà, ẹ lè sún ààlà, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ yí báìtì padà kí ẹ tó pe skb_ensure_writable tàbí skb_cow_head, ìlà pupa sì ni àwọn méjèèjì.

Àwọn ètò tó ń yọjú wo pákẹ́ẹ̀tì, bíi tcpdump, máa ń jẹ́ kí òǹkà wọ̀nyí ga sí i. Àṣìṣe tó ń yọjú nígbà tí tcpdump bá ń ṣiṣẹ́ nìkan, tó sì ń pòórá nígbà tí a bá pa á, sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ̀wé sórí ìrántí àpapọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sàmì sí ìlà tí pákẹ́ẹ̀tì ti kúrò lọ́wọ́ yín

    napi_gro_receive(napi, skb);
    stats->rx_bytes += skb->len;

Ìlà kejì yìí kò bójú mu rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìbátan ààlà kankan tó yẹ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá ti fa skb lé napi_gro_receive lọ́wọ́ (fọ́ńkíṣọ̀n tí driver fi ń gbé pákẹ́ẹ̀tì tó wọlé fún ìyókù kernel), ó ti di tirẹ̀. Ó lè ti dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, ó sì lè ti tú u sílẹ̀. Ẹ ka len sínú nọ́ńbà kan kí ẹ tó pè é. Bákan náà ni dev_queue_xmit, tó ń gba skb yálà ó rán an tàbí kò rán an, tí èsì rẹ̀ kò sì fún yín ní ẹ̀tọ́ láti tún tú u sílẹ̀.

Ti ndo_start_xmit, fọ́ńkíṣọ̀n driver tó ń rán pákẹ́ẹ̀tì jáde, gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Bí ó bá dá NETDEV_TX_OK padà, driver ti gba skb, kódà bí ó bá jù ú nù. Bí ó bá dá NETDEV_TX_BUSY padà, skb ṣì jẹ́ ti ẹni tó pè é, driver kò sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀. Nínú driver fúnra rẹ̀, ìlà tí a fi sọ fún ẹ̀rọ pé iṣẹ́ ti dé ni ìlà òpin: láti ibẹ̀ lọ, CPU mìíràn lè ti parí iṣẹ́ náà kó sì tú skb sílẹ̀, kí ìlà tó tẹ̀ lé e nínú kóòdù yín tó ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ tọpa ohun tí pákẹ́ẹ̀tì so mọ́

Pákẹ́ẹ̀tì ń tọ́ka sí sọ́kẹ́ẹ̀tì (ẹnu ọ̀nà tí ètò fi ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì) nínú sk, sí ẹ̀rọ nínú dev, àti sí ipa ọ̀nà tí skb_dst ń fún wa. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó mú kó wà láàyè. Ìdáhùn mẹ́ta ni ẹ óò sábà rí: òǹkà tí a ti fi kún, lọ́ọ̀kì tí a dì mú, tàbí RCU (Read-Copy-Update, ọ̀nà tí a fi ń ka nǹkan láìdi lọ́ọ̀kì mú, tí a kì í sì í tú u sílẹ̀ títí àwọn tó ń kà á yóò fi parí). Èyí tí a fi rcu_dereference mú láàárín rcu_read_lock àti rcu_read_unlock dájú láàárín àwọn méjèèjì nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọjá ibẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi kún òǹkà rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nínú, kí ẹ sì lo irú ìfikún tó ń kọ̀ bí òǹkà bá ti di 0, bíi refcount_inc_not_zero.

dev_get_by_index_rcu kì í fi kún òǹkà, dev_get_by_index máa ń fi kún un, ó sì ń béèrè dev_put lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá gbàgbé dev_put, ẹ̀rọ náà kò ní lè kúrò, kernel yóò sì máa tẹ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú unregister_netdevice: waiting for jáde léraléra. Ti skb_dst náà ní ìtakùn nínú: ó lè jẹ́ èyí tí a kò fi kún òǹkà rẹ̀, tí RCU nìkan ń dáàbò bò, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ fi pákẹ́ẹ̀tì sínú ìlà ìdúró tí a óò padà wá bá lẹ́yìn tí RCU ti parí, ẹ kọ́kọ́ pe skb_dst_force.

Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tún jinlẹ̀ díẹ̀. tcp_sock gbé inet_connection_sock sínú, ìyẹn gbé inet_sock sínú, inet_sock gbé sock sínú, sock sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sock_common. Nítorí ètò yìí ni tcp_sk fi lè sọ atọ́ka sí sock di atọ́ka sí tcp_sock. Ṣùgbọ́n ìwákiri sọ́kẹ́ẹ̀tì TCP lè dá ohun tó wà ní ipò TCP_TIME_WAIT (ìsopọ̀ tó ń parí) tàbí TCP_NEW_SYN_RECV (ìsopọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀) padà, irú èyí sì ní sock_common nìkan ní ìpín pẹ̀lú sock. Ẹni tó bá pe tcp_sk lé e lórí ń ka ìrántí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fi sk_fullsock yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹ èrò yín wò

Ẹ fi make C=1 pe sparse (irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù C wò nígbà tí a bá ń kọ́ kernel), kí ó lè bá yín wá ibi tí a ti lo atọ́ka tó ní àmì __rcu láìgba ọ̀nà tó yẹ. Ẹ tan CONFIG_PROVE_RCU, kó lè sọ fún yín bí ẹ bá pe rcu_dereference láìsí ààbò. Ẹ tan CONFIG_KASAN, tó ń fi ibi tí a ti gba ìrántí àti ibi tí a ti tú u sílẹ̀ hàn nígbà tí ẹnì kan bá lo èyí tó ti kú.

Ẹ mọ ibi tí KASAN kò ríran dé. Ìkọ̀wé tó kọjá end bọ́ sínú skb_shared_info, tó wà nínú ìrántí kan náà, nítorí náà KASAN kò ní rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà, kò lè sọ ohunkóhun nípa ọ̀nà tí pákẹ́ẹ̀tì kò gbà, ìlà pupa tí ìrántí kò ṣí níbẹ̀ rí yóò sì máa dà bí ẹni pé kò léwu. Ẹ fúnra yín gbọ́dọ̀ dá pákẹ́ẹ̀tì tí hẹ́dà rẹ̀ wà nínú àwọn ègé ìta. Ẹ̀rọ tap (ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfarawé tí driver tun ń ṣe) tí a ṣí pẹ̀lú IFF_NAPI àti IFF_NAPI_FRAGS yóò gbà yín láyè láti ṣe èyí láti inú ètò lásán: ẹ pín báìtì pákẹ́ẹ̀tì sínú ìdì iovec (apá ìrántí tí ètò ń fún kernel) púpọ̀, kí ẹ sì dá hẹ́dà IPv4 sí méjì, kí apá kan wà nínú ìdì kan, kí ìyókù wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ rán an gba inú fọ́ńkíṣọ̀n tí ẹ ń ṣàyẹ̀wò, lẹ́ẹ̀kan láìsí tcpdump àti lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí KASAN bá sọ wé àwọn ìlà pupa tó wà lórí ìwé yín.